Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ "Àwá Dé"

Àwọn àgbà ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ 'àwá dé'." Bó ti wù kí ènìyàn tóbi tó, bó bá dá wọlé, "mo dé" ni yóò sọ. Àwọn tó wà nílé lè bọ̀wọ̀ fún un pé "wọ́n ti dé," ṣùgbọ́n "àwa" kò yẹ ẹnu òun fúnra rẹ̀. Ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ibi ìdìbò la ti sábà ń pa òwe yìí, láti fi ṣí ẹni tó fẹ́ dá nǹkan ṣe létí pé kó wá alábàárìn. Ìtumọ̀ yẹn tọ́, àmọ́ òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́ta lè jọ wọlé, kí wọ́n máa pariwo "àwá dé," kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ohùn ẹnìkan lọ. Ohun tó ń sọ wọ́n di "àwa" ni pé kí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan má sí lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Igbóbì, Ṣómólú àti Bàrígà nítorí àpérò kan tó ń wáyé ní ìtòsí wa. Ẹgbẹ́ Lagos Studies Association, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Saheed Aderinto dá sílẹ̀ ní 2016, máa ń pe àwọn onímọ̀ jọ lóṣù kẹfà ọdún sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ẹni tó bá dá fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí irú àpérò bẹ́ẹ̀, àwọn olùṣètò ni yóò wá ibi tí wọ́n máa fi í sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Bàrígà lè bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ fíìmù àti ọ̀rọ̀ owó orí. Àmọ́ bí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ gba odidi ìjókòó kan (panel), àdúgbò kan ṣoṣo ni wọn yóò fi ìjókòó náà tú wò látòkè délẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òpìtàn tó mọ òwe yìí lò jù lọ, Igbóbì ló ti kàwé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí Jacob Festus Ade Ajayi ní 1929, ó sì wá sí Igbobi College, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932. Ní 1964, òun àti Robert Smith gbé Yoruba Warfare in the Nineteenth Century jáde. Smith kọ apá kìíní lórí bí àwọn Yorùbá ti ń jagun: ohun ìjà wọn, odi ìlú wọn, ètò ọmọ ogun wọn. Ajayi kọ apá kejì lórí ogun Ìjàyè nìkan, láti 1860 dé 1865. Ẹnìkan na ọ̀rọ̀ ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹnìkejì gbẹ́ ojú kan wálẹ̀ títí ó fi kan omi. Saburi Biobaku, tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó kí Ajayi tó gorí àga náà ní 1972, gba ọ̀nà kan náà nígbà tó ṣe olóòtú Sources of Yoruba History, tó jáde ní 1973. Ó ní kí Frank Willett sọ ohun tí a wú nínú ilẹ̀, kí Wande Abimbola sọ ti ẹsẹ Ifá, kí Robin Law sì yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọsibítù eegun Igbóbì bí àpẹẹrẹ. Ibùdó ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba amúnisìn tó sọ ọ́ di ọsibítù lóṣù Kejìlá 1945. Bí a bá fẹ́ ṣe ìjókòó lórí rẹ̀, ta la ó pè? Ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé, lè tọ́ wa sọ́nà. Ní 1944, ọta ìbọn àwọn ará Japan fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Shuyiman, ará abúlé kan níbẹ̀, ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fadoyebo padà délé, ó kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀. Òpìtàn David Killingray ṣe olóòtú rẹ̀, ó di ìwé ní 1999. Oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo lọ sí Bọ́mà, ó rí ìdílé Shuyiman, ó sì kọ Another Man's War ní 2014. Òpìtàn kò sí lójú ogun. Sójà kò ní àkọsílẹ̀ ìjọba lọ́wọ́. Bí oníròyìn kò bá sì rìn, ìdílé Shuyiman kì bá tí gbọ́ ẹ ṣé. Fún ìjókòó tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ọ̀nà ilé àkójọ ìwé ìjọba n'Íbàdàn yóò nílò nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti ọmọ sójà Bọ́mà kan tó ṣì ní fọ́tò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké láti òpópó dé òpópó, alábàáṣe wà tí òpìtàn kì í rántí. Ẹ mú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ìdílé kan fi tẹ ìtàn ara wọn, tí kò sí ọdún lára rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé yóò ka inú rẹ̀ láti mọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò wọn dó àti ẹni tó fún un nílẹ̀. Atẹ̀wé yóò kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí orúkọ ilé ìtẹ̀wé, ojúlé àti nọ́ńbà fóònù máa ń wà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803, ó mọ̀ pé ìwé náà kò lè ṣáájú 2001, ọdún tí fóònù alágbèéká GSM dé. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, nìkan, yóò fura pé ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé àti atẹ̀wé tó bá jọ jókòó sórí ìwé yẹn yóò mọ ohun tó sọ, wọn yóò sì mọ ìgbà tó sọ ọ́. Bákan náà ni àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ní etí ọ̀sà Bàrígà, tí wọ́n lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n kí afárá Third Mainland tó parí ní 1990.

Bí a ti ń pe irú àwọn ènìyàn báyìí ṣe pàtàkì. Ẹ má kọ àpilẹ̀kọ tán kí ẹ tó wá lọ bá bàbá kan fún ọ̀rọ̀ àsọgbè. Ẹ lọ nígbà tí ìbéèrè ṣì rọ̀, kó lè bá yín tún un ṣe. Ẹ jọ fẹnu kò sí ẹni tí yóò sọ èwo, orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé ètò, àti ẹni tí yóò gbé owó ọkọ̀. Bí ìyá kan kò bá mọ ìwé kọ, kí ẹnìkan jókòó tì í, kó máa bi í léèrè ní Yorùbá, kí ẹlòmíràn sì túmọ̀ fún àwọn àlejò. Bí ìdílé méjì bá sì ń du ìtàn ilẹ̀ kan, ẹ pe àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè; ìjókòó tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń rojọ́ ti di ìpolongo.

Kí ẹ tó fi àbá ìjókòó ránṣẹ́, ẹ yọ àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó. Bí ẹnìkan bá kúrò tí ìbéèrè kankan kò bá a lọ, èrò ìwòran lẹ pè. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá mì, ẹ tètè lọ bá onítọ̀hún nílé kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.