Ìlà kọ́ńtọ̀
Ìlà kọ́ńtọ̀ ni ìlà orí máàpù tí ó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Bí àwọn ìlà bá súnmọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ìlà karùn-ún sábà máa ń nípọn, a sì máa ń kọ iye gíga sí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour fi rédà wọn gíga ilẹ̀ láàárín 60° àríwá àti 56° gúúsù. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà láàárín rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè fa ìlà kọ́ńtọ̀ láti inú ìwọ̀n náà.

Ìlà yìí wúlò fún ìsédò, bí irú èyí tí ó wà lórí odò Ọtìn ní Eko-Ende. Ojú omi adágún tẹ́jú, nítorí náà etí rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà kan. Ìlà náà ni ó ń fi oko tí omi yóò bò hàn ṣáájú.