Ọmọ Tí Kò Tíì Mọ A-B-D Náà Ṣeé Yẹ Ojú Wò

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí, àwọn olùkọ́ kan sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú: "Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ ná. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé, tí kò lè sọ ohun tó ń rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ yẹ ojú rẹ̀ wò?" Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Pátákó onílẹ́tà tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí àyẹ̀wò ojú, èyí tí Herman Snellen, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1862. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà kò lè kà á. Ọmọ náà sì ń sáré kiri, ó ń dá ìyá rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè. Kí wá ni ti ìkánjú?

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. A rò pé ojú yóò dúró dè wá. A sì rò pé ẹnu ọmọ nìkan ló lè sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ká mú èkíní. Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Ojú ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di àwòrán. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́ ìríran, ọdún bíi 7 tàbí 8 àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà sì máa ń wọlé jù. Bí ojú kan bá ń gbé àwòrán bàìbàì wá ní gbogbo àsìkò yẹn, ọpọlọ yóò pa á tì, yóò gbájú mọ́ ìkejì. Amblyopia ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí.

David Hubel àti Torsten Wiesel, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Harvard, ló là wá lójú sí i. Wọ́n rán ìpéǹpéjú ojú kan ọmọ ológbò pa fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n là á padà, kò sí nǹkan tó ṣe ojú náà, ṣùgbọ́n ibi tó ń ṣiṣẹ́ ìríran nínú ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a lóhùn mọ́. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ológbò tó ti dàgbà, ìyẹn ò sì pàdánù nǹkan kan. Ọdún 1963 ni wọ́n tẹ ìwádìí yìí jáde. Wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Ohun tí ológbò kékeré yẹn fi hàn wá ni pé àsìkò wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìdí sì nìyí tí ọmọ kì í fi í ké. Ẹni tí ayé ti rí bàìbàì lójú rẹ̀ láti ìgbà ìkókó kò mọ̀ pé ó yẹ kó rí lọ́nà mìíràn. Bí ojú kan bá sì mọ́lẹ̀, òun ni ọmọ yóò fi sáré, tí yóò fi mọ ìyá rẹ̀, ojú kejì yóò sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ńkọ́? Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè tan iná kékeré sí ọmọlójú ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí ọ̀nà bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ pupa ni yóò padà wá. Lójú àwọn ọmọ wa, ó lè jọ àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Kí ojú méjèèjì bára mu ló ṣe pàtàkì. Bí ọ̀kan bá funfun tàbí tó ṣú, ó lè jẹ́ pé jígí inú ojú ti dì bí omi ẹ̀kọ, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tó ń pa ọmọ bí a kò bá tètè mú un. Bí jígí inú ojú kan bá dì láti inú oyún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti máa ń yọrí sí rere jù. Ẹ wo bí àsìkò ṣe kéré tó!

Fún ọmọ ọdún 3 sókè, àwòrán wà. Lea Hyvärinen, dókítà ojú ní Finland, ṣe irú rẹ̀ ní 1976: èso ápù, ilé, róbótó àti onígun mẹ́rin. Ọmọ ò ní láti dárúkọ wọn. Yóò kàn nawọ́ sí èyí tó bá a mu lórí páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà sì lè kán oògùn sójú ọmọ, kó fi iná àti jígí díwọ̀n irú awò tó yẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ó bi í ní ìbéèrè kankan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé awò yóò ba ojú ọmọ jẹ́. Kì í bà á jẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ rí àwòrán tó mọ́ kọ́. Bí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á lẹ ojú tó dára pa kí ojú tó ya ọ̀lẹ lè ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé fún amblyopia tí kò le púpọ̀, lílẹ ojú pa fún wákàtí 2 lójúmọ́ ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 6. Kí n má sì dẹ́rù ba òbí tó pẹ́: àwọn ọmọ kan tó ti ju ọdún 7 lọ ṣì ń rí àǹfààní. Ó kàn ń le sí i ni.

Ojú ìkókó lè máa yà nígbà míì ní àwọn oṣù àkọ́kọ́; bó bá kọjá oṣù 4 tí kò dúró, ó di ti dókítà. Bí fótò oníná bá sì fi ọmọlójú kan hàn ní funfun, ẹ má ṣe dúró.

Ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9. Ọmọ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ẹ bi í pé, "Ẹ ti wo ojú rẹ̀?" Nílé pẹ̀lú, nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, ẹ fọwọ́ bo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbà kí ẹ bo tòsì, ṣùgbọ́n tó ń sunkún, tó ń ti ọwọ́ yín dànù tí ẹ bá bo tọ̀tún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ti sọ fún yín pé tòsì ò ríran. Kò dúró de A-B-D kó tó sọ ọ́.