Láti Gbọ̀ngàn Glover Dé *Ayé*: Ojú tí Òǹwòran Fi Wo Sinimá Àtijọ́

Ọ̀nà kò jìn láti Ìta Fàájì sí gbọ̀ngàn Glover ní Erékùṣù Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará ìlú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Àwòrán ń rìn, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Gbọ̀ngàn yìí kan náà ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944.

Ní 1976 ni Ola Balogun ṣe *Àjàní Ògún*, fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni *Ìjà Òmìnira* dé, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, *Ọmọ Olókùn Ẹṣin*. Ògúndé náà sì gbé *Ayé* jáde ní 1979.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ìgbà náà gbà pé agbára Ògúndé kọjá ti eré, nítorí pé ìgbàgbọ́ nínú àjẹ́ ti wà nílé kí wọ́n tó jáde lọ wòran. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè fi ọgbọ́n kámẹ́rà àtijọ́ rẹ́rìn-ín. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ó fetí sí ọfọ̀ inú rẹ̀, àwítúnwí àti ìdọ́gba ohùn. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣẹ̀rù ba ènìyàn níbẹ̀. Kámẹ́rà kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Àmọ́ fíìmù kò lágbára tó ìwé láti pẹ́. Wọ́n jí *Ọ̀run Móoru* (1982) dà kọ sórí fídíò, gbèsè sì wọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, lọ́rùn. Ẹ̀dà rere àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n báyìí. Olùkọ́ tí ó bá rí ọ̀kan, kí ó fi han kíláàsì rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì bi àgbà ilé wọn léèrè ohun tí wọ́n rí nígbà náà.