Ariwo olè ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1862

Ní oṣù keje ọdún 1862, àwọn olè fún Pilkington lọ́rùn lóru ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba aago rẹ̀. Aṣòfin ni, nítorí náà ìwé ìròyìn pariwo rẹ̀. Láti ìgbà náà, olè tí wọn ì bá fojú fò, wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ̀rù ba ará ìlú. Àwọn mìíràn ń gbé ohun ìjà rìn. Ọlọ́pàá túbọ̀ ń mú ènìyàn, ìwé ìròyìn sì tún rí òmíràn kọ. Ní 1863, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa na irú olè bẹ́ẹ̀ lẹ́gba, nígbà tí ariwo ti rọlẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a ti mọ̀wé kà. Bí a bá ka ìròyìn olè, ẹ jẹ́ ká bèèrè: ṣé olè ló pọ̀ sí i, àbí ariwo rẹ̀?