Nọ́ńbà tí Àṣìṣe Rẹ̀ Ju Igba Ọdún Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àṣìṣe náà kò yàtọ̀.

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ohun tí ó lè pín 147,573,952,589,676,412,927 láìṣẹ́kù, àfi 1 àti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ 1 di ìlọ́po méjì léraléra ní ìgbà 67, tí ó sì yọ 1 kúrò, nọ́ńbà yìí ni yóò kù. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì dúró.

Ní 1876, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, fi hàn pé nọ́ńbà náà ṣé é pín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò sọ ohun tí ó pín in. Ó dà bí ẹni tí ó mọ̀ pé olè wà nínú ilé, tí kò rí ojú rẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York. Ìtàn sọ pé kò la ẹnu rárá. Ó kọ 193,707,721 àti 761,838,257,287 sára pátákó, ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, èsì rẹ̀ sì bá nọ́ńbà Mersenne mu régí. Àtẹ́wọ́ sọ.

Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ni Cole fi wá a. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí bébà kan. Ẹni tí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kò nílò orúkọ ńlá.