Asọ̀rọ̀gbèsì

Ìwé ìlò wọ́kì-tọ́kì kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ló bí mi nínú lọ́jọ́sí. 'Rédíò ọlọ́nà méjì' ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà. Ọlọ́nà! Ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ni àbí oníbodè?

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ti sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Àpótí rẹdifúṣọ̀n tó dé Èkó lọ́dún 1935 gan-an ni orúkọ yẹn yẹ. Á máa rojọ́ nínú ilé onílé, bó o bú u, kò kàn án. Wọ́kì-tọ́kì a máa gbèsì ní tirẹ̀. Ẹ yọ 'má' dànù, ó di asọ̀rọ̀gbèsì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni lédè ní asọ̀rọ̀fèsì ló tọ́. N ò gbà. Ẹni tó ń fèsì lè máa pariwo lọ. Ẹni tó fẹ́ gba èsì gbọ́dọ̀ dákẹ́ ná. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ nìyẹn: bó ò bá tú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, o ò ní gbọ́ ẹnìkejì.

Ìgbì, ìkànnì, bátìrì: kò sí ìjà lórí wọn. 'Ìbáramu' ni mò ń bá jà, èyí tí ìwé náà lò láti sọ bóyá wọ́kì-tọ́kì Motorola lè bá ti Kenwood sọ̀rọ̀. Fìlà ló ń bá orí mu. Òótọ́ ni pé bátìrì Motorola kì í bá Kenwood mu, kò ní wọ ibẹ̀. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ geere bí ìgbì àti tóònù wọn bá ti dọ́gba, torí FM àtijọ́ kì í béèrè ilé-iṣẹ́ tó bí ọ. Ìgbọ́ra ni tèmi.

Tó bá di ti dígítà, ìgbọ́ra kò tó. Gbé wọ́kì-tọ́kì FM sórí ìgbì tí DMR, irú dígítà kan, ń lò, ariwo lásán ni wàá gbọ́: ohùn dé, ọ̀rọ̀ kò dé. Kí là ń pe ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ tí kò yéni? Ẹnà ni. Ọmọdé ń fi í ṣeré, onílù bàtá ń fi í sọ̀rọ̀. DMR tí àjọ ETSI gbé jáde ní 2005 jẹ́ ẹnà kan, Motorola àti Hytera gbọ́ ọ. NXDN tí Icom àti Kenwood jọ ṣe jẹ́ òmíràn.

Ìgbọ́-ẹnà ló wá kù tí mo lè pe ti dígítà. Mo fẹ́ sún un kì, bí 'gbọ́ èdè' ṣe di 'gbédè'. 'Gbọ́ ẹnà' di 'gbẹ́nà'. Ẹ̀rín pa mí: gbẹ́nàgbẹ́nà tí mo fi bú àwọn tó túmọ̀ ìwé náà ló tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi yìí. 'Ìgbọ́-ẹnà' ni n ó máa kọ, láìsún un kì.