Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Fíìmù Aláwọ̀ Létí Òṣùpá

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni, Kérésìmesì ku ọ̀la. Ọjọ́ kẹrin rèé tí Frank Borman, James Lovell àti William Anders ti gbéra ní Florida nínú ọkọ̀ Apollo 8. Aago Nàìjíríà ni mo fi ka wákàtí wọn níhìn-ín. Ìdí rẹ̀ á hàn níwájú.

10:49 òwúrọ̀. Ọkọ̀ náà gba ẹ̀yìn òṣùpá kọjá, rédíò dákẹ́. Ní Houston, níbi tí wọ́n ti ń darí ìrìn-àjò náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kó máa wo aago lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, níbi tí ohùn ayé kò lè dé, wọ́n tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ láti dín eré kù. Bó bá tètè kú jù, wọ́n á ṣáko lọ. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á forí sọ ilẹ̀ òṣùpá. Ó kú lákòókò tó yẹ kó kú.

Kámẹ́rà tí wọ́n gbé dání ló kàn mí jù. Hasselblad 500 EL ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Sweden, mọ́tò kékeré kan tó ń lo bátìrì ló sì ń yí fíìmù rẹ̀. Fíìmù náà fẹ̀ tó mílímítà 70. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún ààbọ̀ níbùú lóròó. Bí a bá fi wé fíìmù mílímítà 35 tí àwọn oníwèé ìròyìn ń gbé kọ́rùn, ààyè tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé lórí tibí ju ìlọ́po mẹ́ta tọ̀hún lọ. Ìyẹn ni pé a lè fẹ fọ́tò náà títí tí kòtò kékeré ilẹ̀ òṣùpá á fi hàn ketekete. Ohun tí NASA sì ń fẹ́ nìyẹn: kí wọ́n ya ilẹ̀ náà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí. Wally Schirra ti gbé Hasselblad lọ sófurufú láti oṣù Kẹwàá 1962, kámẹ́rà náà kò sì já wọn kulẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yọ díńgí tí a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yà kúrò. Òrùka ìfojúsùn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

1:31 ọ̀sán. Tẹlifíṣọ̀n, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Àwòrán rẹ̀ kò dán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi gbé fíìmù lọ, kó lọ wo fídíò ọjọ́ náà.

Fèrèsé márùn-ún ni ọkọ̀ wọn ní. Oru tó jáde lára gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí gíláàsì ti bo mẹ́ta nínú wọn; èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló burú jù. Méjì kéékèèké ló mọ́ dáadáa. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò láti inú bọ́ọ̀sì rí mọ ìyà yìí: lẹ́ńsì olówó gọbọi kò lè ríran ju gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

3:26 ọ̀sán, ẹ́ńjìnì tún jó díẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń yí òṣùpá po ní nǹkan bí kìlómítà 112 sókè ilẹ̀.

5:37 ìrọ̀lẹ́. Ìgbà kẹrin tí wọ́n ń yí i po rèé. Borman ń yí ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Anders ń ya kòtò ní tirẹ̀, lẹ́ńsì gígùn mílímítà 250 lẹ́nu kámẹ́rà, fíìmù dúdú-àti-funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan yọ létí ilẹ̀ eléérú yẹn, búlúù pẹ̀lú funfun. Ayé ni. (Ẹni tó bá dúró sójú òṣùpá kò ní rí ayé kó yọ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú kan náà ló ń wà lókè ọ̀run níbẹ̀. Eré ọkọ̀ ló mú un yọ.)

Borman fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kí Anders má yà á, kò sí nínú ètò iṣẹ́. Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Anders tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan, dúdú-àti-funfun. Ó ké sí Lovell pé kó tètè bá òun wá fíìmù aláwọ̀. Lovell ń túlé-túnà ẹrù. Ọkọ̀ kò dúró dè wọ́n; ayé kúrò lójú fèrèsé kan, Lovell rí i lójú òmíràn, ló bá ń kán Anders lójú. Anders ní kó fara balẹ̀. Ní 5:39 ó tẹ̀ ẹ́: f/11, ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá.

Láàárín fọ́tò dúdú-àti-funfun yẹn sí aláwọ̀, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tó sì mú un yá ni pé fíìmù Hasselblad kì í gbé inú kámẹ́rà gan-an. Àpótí kékeré kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ló ń gbé. A ó ti irin pẹlẹbẹ kan bọ ẹnu àpótí náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà ba fíìmù jẹ́, a ó yọ ọ́ bí kò tilẹ̀ tíì tán, a ó sì fi òmíràn há a.

Kámẹ́rà Rolleiflex onílẹ́ńsì méjì kò ní irú rẹ̀. Òun sì ni ayàwòrán Pierre Verger, tí a ń pè ní Fátúmbí, gbé rin Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá: àwòrán 12 lórí fíìmù 120 kan, ó sì di dandan kó parí rẹ̀ kó tó wọ òmíràn. Iṣẹ́ ńlá ló fi ṣe, n kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ra Hasselblad tàbí Bronica SQ láti fi rìnrìn-àjò, tó wá bi mí pé kí lòun tún lè rà sí i, n kò ní dárúkọ lẹ́ńsì kejì. Àpótí fíìmù kejì ni. Kí ọ̀kan gbé fíìmù tó fẹ́ràn oòrùn, kí èkejì gbé èyí tó lè fara da inú ilé àti àfẹ̀mọ́jú. Mamiya RB67 náà ní in, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e wò ní ṣọ́ọ̀bù o. Ó ju kílò méjì lọ dáadáa, ọrùn yín lẹ ó sì fi gbé e.

Ẹ wo fọ́tò ayé yẹn dáadáa. Ìlà tó pín ọ̀sán níyà kúrò lára òru gba orí Áfíríkà kọjá. Oòrùn kò tíì wọ̀ l'Ékòó. Nàìjíríà wà létí ìmọ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé ń jà nílé lọ́hùn-ún nígbà náà. Ẹni tó ń sá, ẹni tó ń yìnbọn, ẹni tó ń ná adìyẹ Kérésì lọ́jà, gbogbo wọn ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Bí alẹ́ ṣe ń jinlẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, àṣìṣe sì ti ń wọlé. Borman fagi lé èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ tó kù, ó ní kí àwọn méjèèjì lọ sùn. Anders fẹ́ máa yà á lọ. Borman kò gbà, mo sì gbè é lẹ́yìn: ọwọ́ tí oorun ń kùn ló máa ń gbàgbé irin pẹlẹbẹ yẹn.

3:34 òru, tẹlifíṣọ̀n tún tàn, wọ́n sì ka ẹsẹ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ìwé Jẹ́nẹ́sísì sétí ayé. 7:10 òwúrọ̀ Kérésìmesì, ẹ̀yìn òṣùpá ni wọ́n tún wà nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnì tó gbé wọn dorí kọ ilé. Ní Houston, ọ̀gànjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n já sínú òkun Pàsífíìkì. Bí a ṣe ń tẹ fọ́tò náà jáde, ilẹ̀ òṣùpá máa ń wà nísàlẹ̀, ayé lókè. Bí Anders ṣe rí i kọ́ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ òṣùpá dúró lápá ọ̀tún bí ògiri, ayé sì wà lápá òsì. Fún ọdún gbọọrọ, Borman ń sọ pé òun lòun ya ti àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn inú ọkọ̀ náà ní àgbọ́túngbọ́, tó hàn pé Anders ló ya méjèèjì. Nọ́ńbà tí NASA fi tọ́jú wọn ni AS8-13-2329 fún dúdú-àti-funfun, AS8-14-2383 fún aláwọ̀. 13 àti 14 yẹn, nọ́ńbà àpótí fíìmù ni.